Alábẹ̀wò àti Àwọn Rédíò Inú Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi nípa obìnrin náà ni pé ó ń jogún àwọn arúgbó. Ìyàwó onígbàjámọ̀ ló sọ ọ́ fún mi níwájú ilé búrẹ́dì, níbi tí a tò sí, tí à ń retí kí búrẹ́dì jáde. Ó ní bó bá ti rí àgbàlagbà tó ń dá gbé, tí ara rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kí i, á máa bá a rẹ́rìn-ín, á máa bá a tàkúrọ̀sọ, títí onítọ̀hún á fi fọwọ́ ara rẹ̀ fa kọ́kọ́rọ́ ilé lé e lọ́wọ́. Mo bi í pé ilé mélòó ni obìnrin náà ti jogún báyìí. Ó ní òun ò mọ iye rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ fún òun kì í purọ́. Èmi kì í gba ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn gbọ́, onígbàgbọ́ ni mí. Ìdajì rẹ̀ péré ni mo gbà gbọ́; ìdajì tó kù, mo gbé e sínú àdúrà.

Ohun tó jẹ́ kí n gba ìdajì yẹn gbọ́ ni pé mo fojú ara mi rí nǹkan. Mo ń kọjá lẹ́bàá fèrèsé màmá afọ́jú tó ń gbé nígun òpópónà wa, mo rí obìnrin náà tó jókòó sórí àga, tó na ẹsẹ̀, tó ń jẹ ẹ̀pà. Màmá afọ́jú ló wà lórí ìdúró, tí wọ́n ń ká aṣọ. Aṣọ obìnrin náà ni o! Aṣọ tó kó wá láti ilé rẹ̀ nínú báàgì ńlá. Nígbà tí màmá ká a tán, obìnrin náà gbà á, ó ní, "Màmá, mo tún ń kó ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wá o. Ẹ má lọ sọ pé ó ti rẹ̀ yín."

Mo délé, mo sọ ọ́ fún ọkọ mi. Mo ní, ó ti sọ wọ́n di ọmọ ọ̀dọ̀ kó tó jogún wọn.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ọ́fíìsì kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aláìlágbára ló gbà á síṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bẹ àwọn tí ilé fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn wò: arúgbó tí kò lẹ́nìkan, ẹni tí àìsàn ti da iyè rẹ̀ rú, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé tí kò bá ẹnikẹ́ni nílé. Kí wọ́n má pàdánù ilé wọn, kí wọ́n má sì jókòó sínú ilé náà bí aṣọ inú àpótí. Alábẹ̀wò ni wọ́n kọ sára káàdì tó ń gbé kọ́rùn. Àwa ládùúgbò ń pè é ní Ajogún. Nígbà tó gbọ́, ó ní orúkọ náà ò burú, ṣùgbọ́n yàrá tí òun àti ọkọ òun tó ń wa ọkọ̀ ẹrù ń gbé, òjò ń jò síbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ilé tí òun jogún, kó jọ̀ọ́ kó júwe rẹ̀ fún òun, kí òun tètè kó ẹrù.

Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò tíì rí eyín rẹ̀ rí àfi tó bá ń jẹ ẹ̀pà. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó máa ń rìn bí ẹni tí ẹnìkan ń pè lẹ́yìn tí kò fẹ́ dáhùn. Kì í sì í ṣe ẹni mímọ́. Kì í tètè dé ibi tó bá ní òun ń bọ̀, agboòrùn mi sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí dòní. Mo pè é wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa lẹ́ẹ̀kan. Ó wá. Ó sùn. Wọ́n ṣe àdúrà ìparí tán, ó jí, ó ní ìwàásù náà balẹ̀ dáadáa.

Ó sọ fún mi bí òun ṣe dé ìdí jíjẹ ẹ̀pà nígbà tí afọ́jú ń ká aṣọ. Ó ní nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀, òun ń ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ òun: òun á gbálẹ̀, òun á fọṣọ, òun á se oúnjẹ, òun á kí wọn pé ó dàbọ̀. Àwọn èèyàn náà á sì jókòó bí ẹrù tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀kan lára wọn jẹ́ kúùkù tó ti ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú, ó dùbúlẹ̀, ó ní òun ò dìde mọ́. Alábẹ̀wò ń se oúnjẹ fún un. Bí bàbá náà bá ti ń jẹun, omijé á máa bọ́ lójú rẹ̀. Alábẹ̀wò rò pé ìmoore ni. Nígbà tó yá, bàbá náà ju ṣíbí sílẹ̀, ó dìde lórí ibùsùn, ó ń di ògiri mú lọ títí ó fi dé ilé ìdáná, ó gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, fún orúkọ Ọlọ́run, lọ jókòó."

Láti ọjọ́ yẹn ni Alábẹ̀wò ò ti ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Ìrànlọ́wọ́ ló máa ń lọ tọrọ. Kúùkù náà ṣì wà nínú yàrá rẹ̀, gbogbo àwọn ayálégbé inú ilé náà ló ń bá a jẹun, wọ́n sì ní ó máa ń bú wọn tí wọ́n bá pẹ́ dé.

Báyìí ló ṣe dé ẹnu ọ̀nà mi.

"Ẹ kú ilé o, mà. Ṣé ẹ ní nǹkan tó bàjẹ́?"

Mo ní, "Ọkọ mi wà nínú yàrá."

"Èyí tí mo lè gbé dání ni mò ń wá, mà."

Ọkọ mi ti inú yàrá dáhùn pé òun gbọ́ o.

Mo wá rédíò mi kan jáde, èyí tí ọmọ mi àgbà rà fún mi kó tó lọ fẹ́ ọkọ, tí kò sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo nà án sí i. Kò gbà á. Ó ní èmi fúnra mi ni kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá Rédíò nílé kejì, kí n sì jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi tún un ṣe. Mo ní kí ni ìwọ wá ń gba owó oṣù fún? Ó ní, "Ohun tí ọ̀gá mi náà máa ń bi mí nìyẹn."

Bàbá Rédíò ń gbé nínú yàrá ìsàlẹ̀ nílé Ìyá Onílé. Nígbà ayé ìyàwó wọn, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Ìyàwó kú, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n kó gbogbo rédíò inú rẹ̀ wá sílé, wọn ò sì jáde mọ́. Àwọn rédíò náà kún yàrá, wọ́n gorí ara wọn dé àjà, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni àwọn ayálégbé òkè fi ń kọjá. Obìnrin kan tó lóyún ní òun ò lè kọjá mọ́ rárá, ọkọ rẹ̀ ló ń bá a gbé ikùn kọjá. Ìyá Onílé ní kí Bàbá kó wọn kúrò tàbí kí wọ́n bá wọn lọ. Ọmọkùnrin Bàbá, tó ń gbé ní ìlú mìíràn, gbọ́ sí i, ó sì ti wá àyè fún wọn sí ilé ìtọ́jú arúgbó kan. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ó ní. Wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni mú irin iṣẹ́ kankan wọlé. Bàbá ní bí wọ́n bá ní kí àwọn lọ, àwọn á lọ. Lẹ́yìn náà wọn ò jẹun mọ́, ìyẹn ni wọ́n fi rán Alábẹ̀wò sí wọn.

Ohun tó ṣe ni pé kò kó rédíò kankan dànù. Ó ní kí Bàbá máa tún wọn ṣe, kí wọ́n máa fún ilé tí kò ní. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, kó jókòó, kí Bàbá dán an wò lójú rẹ̀. Onígbàjámọ̀ gba ọ̀kan. Oníbúrẹ́dì gba ọ̀kan. Màmá afọ́jú gba èyí tó tóbi jù, wọ́n ní kí ohùn rẹ̀ máa dé ojú títì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń mọ́, Ìyá Onílé sì ń gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú apá nínà bí ẹni fẹ́ fò. Ó ní òun á ní sùúrù títí ọmọ Bàbá á fi wá, kí gbogbo wa jọ wò ó.

Ìgbà náà ni àwọn rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Tèmi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ó gbé ẹnu mì láàárín orin ìyìn. Mo gbé e lọ. Bàbá tú u, wọ́n mi orí bíi dókítà, wọ́n ní kí n jókòó. A sọ̀rọ̀ nípa ìyàwó wọn, a sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ mi tó jẹ́ pé ọjọ́ Sunday nìkan ni wọ́n máa ń pè, wọ́n sì máa ń sọ fún mi nígbà yẹn pé ọwọ́ àwọn dí. Rédíò sọ̀rọ̀, mo gbé e lọ sílé. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún dákẹ́. Ti onígbàjámọ̀ dákẹ́. Ti oníbúrẹ́dì dákẹ́, ó ní òun ti ń gbádùn rẹ̀ bọ̀, ṣùgbọ́n kò burú, òun á tún lọ kí Bàbá.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí mo fúnra mi tú ẹ̀yìn tèmi. Mo rò pé bátìrì ni. Mo rí i pé wọ́n ti fi òjé yíyọ́ lẹ gbogbo wáyà mọ́ àyè wọn, ó ń dán, ó gún régé, kò sí ibi tó wọ́. Àfi wáyà kan. Èyí, wọn ò lẹ̀ ẹ́. Wọ́n kàn fi orí rẹ̀ kọ́ irin ni, wọ́n ká a sí i fínnífínní, bí ẹni fi òwú kọ́ bọ́tìnnì tí kò fẹ́ kó pẹ́. Tí wọ́n bá gbé rédíò náà sókè gbé e sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ó máa jábọ́. Ó sì ti jábọ́. Mo fi ìka dá a padà. Rédíò pariwo.

Mo dúró síbẹ̀. Mo ka Sáàmù kan sókè. Lẹ́yìn náà mo tú wáyà náà, mo dé ẹ̀yìn rédíò padà, mo wọ bàtà, mo sì gbé e lọ fún Bàbá nínú òjò, mo ní ó tún ti bàjẹ́ o.

Òjò náà kò dá títí tí ọmọ Bàbá fi fẹ́ dé. Gbogbo àdúgbò jókòó sílé, rédíò ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òjò wá dá láàárọ̀ ọjọ́ tó dé gan-an, gbogbo wọn sì gbé rédíò wọn wá lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí Ìyá Onílé máa fi sọ̀kalẹ̀ láti wá fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó mọ́ han àlejò, rédíò ti kún ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ó fi orúnkún gbá rédíò ńlá màmá afọ́jú.

Pálọ̀ rẹ̀ ní òkè ni a jókòó sí: Ìyá Onílé lórí àga ńlá pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó gbé sórí tìmùtìmù, ọmọ Bàbá nínú kóòtù, ọ̀gá Alábẹ̀wò láti ọ́fíìsì, tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú, Alábẹ̀wò, àti Bàbá tí wọ́n ń wo ìka ara wọn. Wọ́n pe èmi náà nítorí pé ẹgbẹ́ àdúrà kan náà ni èmi àti Ìyá Onílé, ó sì fẹ́ ẹlẹ́rìí tí kò lè purọ́.

Ọmọ Bàbá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń lé bàbá mi. Àmọ́ gbogbo rédíò tí wọ́n tún ṣe ló ti padà. Gbogbo rẹ̀! Iṣẹ́ tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà ni. Bí wọn ò bá lè ṣe ìyẹn mọ́, ọpọlọ wọn ti ń rẹ̀ nìyẹn. Lọ́la, iná ni wọ́n máa gbàgbé láti pa."

Ìyá Onílé ní, "Ilé mi nìyẹn o."

Ọ̀gá ọ́fíìsì sín. Ó ní bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí, ọ́fíìsì ò ní lè sọ pé kí wọ́n máa dá gbé. Àwọn á fọwọ́ sí ìwé lónìí, kí Bàbá bá ọmọ wọn lọ.

Ìyá Onílé kọjú sí mi. "Ìyá àdúrà, ìwọ ńkọ́? Rédíò tìẹ, ṣé ó ń sọ̀rọ̀?"

Gbogbo wọn wò mí. Bí mo bá ní kò sọ̀rọ̀, mo ti fi Bàbá lé ọmọ lọ́wọ́. Bí mo bá ní ó ń sọ̀rọ̀, irọ́ ni, rédíò náà sì wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú orúkọ mi lára. Bí mo bá sì sọ ohun tí mo rí, mo ti tú àgbàlagbà síhòòhò lójú ọmọ rẹ̀.

Mo ní, "Ó ń sinmi."

"Ó ń kí ni?"

Alábẹ̀wò wá yíjú sí Bàbá. "Bàbá, kí ló ṣe rédíò onígbàjámọ̀?"

"Wáyà kan."

"Ó já ni?"

"Kò já. Mi ò lẹ̀ ẹ́ ni."

Ọmọ wọn na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ ò rí i? Wọ́n ti gbàgbé láti lẹ̀ ẹ́!"

"Ta ló gbàgbé?" Bàbá gbójú sókè, ohùn wọn le ju bí mo ti gbọ́ ọ rí lọ. "Èmi? Mo mọ èyí tí mo lẹ̀, mo mọ èyí tí mi ò lẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni mi ò lẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ti oníbúrẹ́dì, ti onígbàjámọ̀, ti màmá tó wà nígun." Wọ́n tọ́ka sí mi. "Ti ìyá yìí náà. Tí mo bá lẹ gbogbo rẹ̀, kí lẹ tún fẹ́ wá ṣe lọ́dọ̀ mi?"

Ọ̀gá ọ́fíìsì fẹ́ sín, ó gbé e mì.

Ìyá Onílé kọjú sí Bàbá. "Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni? Bàbá! Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ di ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi pa?"

"Ẹ má bínú, Ìyá Onílé."

"Mò ń bínú! Ọ̀rọ̀ ọpọlọ tán, ọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló kù. Ọpọlọ tiwọn pé ju tèmi lọ, mo ti rí i. Ẹ gbọ́ mi o, gbogbo yín: bí mo bá fi máa dìde lórí àga yìí tí rédíò kan ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, kí wọ́n máa bá ọmọ wọn lọ lónìí yìí. Mi ò sọ ọ̀la o."

Alábẹ̀wò bi í pé, "Bí ẹ bá fi máa dìde, mà?"

"Bí mo bá fi máa dìde!"

"Ó dáa, mà." Ó wá yíjú sí ọmọ Bàbá, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í bí ẹni ń béèrè ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí ó tó di òní, ìgbà wo lẹ wá kí wọn gbẹ̀yìn?"

"Ọ̀nà jìn," ni ọmọ náà wí.

"Ọ̀nà jìn?" Ìyá Onílé fi ọwọ́ gbá apá àga. "Òun ló ní ọ̀nà jìn! Èmi tí ọmọ mi gbé òkè òkun, tó jẹ́ pé bàálù ló fi ń wá!"

"Mà, mo ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe..."

"Àbí ọmọ tèmi ń ṣeré níbẹ̀ ni? Ọjọ́ tí ìyá tó bí ọ kú, ta ló fi aṣọ bo dígí nínú ilé ọ̀fọ̀? Ta ló se tíì fún àwọn tó wá kẹ́dùn? Dá mi lóhùn!"

"Mo fi nǹkan ránṣẹ́, mà!"

"O fi nǹkan ránṣẹ́! Ọ̀gá ọ́fíìsì, ẹ ń gbọ́ ọ? Ó fi nǹkan ránṣẹ́!"

Èmi mọ Ìyá Onílé. Bó bá ti dé orí ọ̀rọ̀ ọmọ, kò ní dìde bọ̀rọ̀. Alábẹ̀wò náà mọ̀ ọ́n. Ó ti dìde, ó ti di apá Bàbá mú. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹ kàn fi ìka dá wáyà kọ̀ọ̀kan padà, ẹ ó fi òjé sí i tó bá yá, nílé oníkálukú. Èmi á máa gbé e jáde."

Ọ̀gá rẹ̀ ní, "Níbo lò ń lọ? A ò tíì parí ọ̀rọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó tètè parí."

Ó wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Mo ti kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí wọ́n má ṣe dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹni méjì. Mo tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run nínú ọkàn mi, mo wá bi Ìyá Onílé bóyá ọmọkùnrin yìí náà kọ́ ló kọ̀ láti kí i lẹ́nu géètì láàárọ̀.

"Kò kí mi!" ni Ìyá Onílé figbe ta, ó tún fìdí múlẹ̀ dáadáa lórí àga. "Ó bá mi lẹ́nu géètì, ó ń wo aago!"

"Mo kí yín, mà! Mo ní ẹ káàárọ̀!"

"Géètì lo kí!"

Alábẹ̀wò ti jáde, Bàbá tẹ̀lé e, mo sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn bí wọ́n ṣe ń kánjú lọ sísàlẹ̀.